Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn eṣinṣin agbẹ́wé, láti àkùrọ̀ Asà dé Èsìẹ́

Ọjọ́ Ajé. Àkùrọ̀ odò Asà, Ìlọrin

Aago méje àárọ̀, ìrì ṣì wà lórí ewé. Oṣù Kọkànlá la wà: òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn tó ń dá àkùrọ̀ sì ti ń pọn omi sí ebè. Kò sí ìgbà tó dára tó yìí fún wíwá eṣinṣin agbẹ́wé, ìyẹn eṣinṣin kékeré tí ìdin rẹ̀ ń gbé inú ewé, láàrin awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀, tó ń jẹ ẹran ewé níbẹ̀ bí eku inú àjà. Ewé tuntun pọ̀, òjò ńlá kò sì gbá àgbà eṣinṣin dànù mọ́. Agromyzidae ni orúkọ ìdílé wọn. Irú tí wọ́n ti fún lórúkọ nínú wọn lé ní 3,000, ọ̀pọ̀ jù lọ kì í sì í kúrò lórí ìdílé ewéko kan ṣoṣo. Díẹ̀ péré ló ń jẹ ohun gbogbo. Àwọn díẹ̀ yẹn ló kún oko.

Ẹrù ọwọ́ kò pọ̀: awò ọwọ́ ìlọ́po 10 àti ìlọ́po 20, ike onídèérí 60, ọ̀rá, tíṣù, búrọ́ọ̀ṣì ayàwòrán tó kéré jù, ẹ̀mú ẹlẹ́nu ṣóńṣó, abẹ́rẹ́, ẹ́tánọ́ọ̀lù (ọtí líle tí a fi ń tọ́jú òkú kòkòrò) 70% àti 96%, ìwé ìròyìn àtijọ́ tí a ó fi tẹ ewé, àti pẹ́ńsùlù. Pẹ́ńsùlù ni o, kì í ṣe báírò. Yíǹkì báírò máa ń yòrò nínú ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìwé inú ìgò á funfun báláú, kòkòrò inú rẹ̀ á sì di ọmọ òrukàn.

Ẹ̀wà la kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìlà funfun ń lọ́ kiri lójú ewé bí ipa ejò nínú iyanrìn, ó tín-ín-rín níbẹ̀rẹ̀, ó ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ. Ibi tó tín-ín-rín ni ẹyin ti pa, ibi tó fẹ̀ jù ni ìdin wà, tàbí ibi tó ti jáde lọ. Ẹni tó ń wá ìdin láti ìdí ọ̀nà ń fi àsìkò ṣòfò ni. Na ewé sí oòrùn, tẹ ojú mọ́ awò, wo orí ọ̀nà: bí ìdin bá wà láàyè, wàá rí ohun kan tó dà bí omi ògì tó ń mì, àwọ̀ rẹ̀ funfun tàbí yẹ́lò, ìkọ́ dúdú ẹnu rẹ̀ sì ń lọ síwá-sẹ́yìn bí ẹni ń fi dòjé gé koríko. Kò lórí, kò lẹ́sẹ̀. Àmì àkọ́kọ́ pé ọmọ eṣinṣin ni nìyẹn.

Àmì kejì ni ìgbẹ́. Nínú ọ̀nà orí ẹ̀wà yìí, ìgbẹ́ dúdú bọ́ sí etí ọ̀tún, ó tún bọ́ sí etí òsì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Ìdí rẹ̀ ni pé ìdin eṣinṣin máa ń fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ nínú ewé. Bó bá jẹ apá kan tán, á yí sí ìhà kejì, ìgbẹ́ rẹ̀ náà á sì tẹ̀ lé e yí.

Yàtọ̀ sí ọ̀nà, ojú ewé kún fún ẹ̀kán funfun róbótó, tí ìbú rẹ̀ tó 0.2 mm. Abo eṣinṣin ló ń fi ìdí rẹ̀ dá a lu kó lè lá oje ewé. Akọ kò ní ohun ìlu, ihò tí abo lu ló ń lọ lá. Ihò tí abo fi ẹyin sí kéré sí i, nǹkan bí 0.05 mm, ó sì ṣe róbótó dọ́gba ju tijẹun lọ. Bí ẹ̀kán bá pọ̀ tí kò sí ọ̀nà kankan, eṣinṣin ti dé, ẹyin ni kò tíì pa. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 2 sí 5.

Kí a tó ká ewé kankan, a bi ìyá tó ni ebè náà léèrè.
"Ẹ kú iṣẹ́ o, Alájà. Ìgbà wo lẹ fín oògùn sí i kẹ́yìn?"
"Ìjẹta ni. Mo tún máa fín in lọ́la, ẹ ò rí bí àrùn yìí ṣe bo ewé ni?"
Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì. Ewé tí wọ́n fín ní ìjẹta, bí ìdin inú rẹ̀ tilẹ̀ ń mì lónìí, ó lè kú sínú ike lọ́la, á sì dà bíi pé àwa la kò mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ebè tó kángun sódò ni a ká tiwa, ibi tí oògùn kò dé. Fún Alájà, a fi ihò tó wà lórí àwọn ewé rẹ̀ hàn án: ó róbótó, etí rẹ̀ rí bíi pé wọ́n fi eyín jẹ ẹ́. Agbọ́n tíńtínní ló gba ibẹ̀ jáde, lẹ́yìn tó ti jẹ ìdin inú ewé tán. Ihò tí ìdin fúnra rẹ̀ gé láti jáde kì í róbótó, ó máa ń rí bí ìdajì òṣùpá ni, ní orí ọ̀nà tó fẹ̀ jù. Oògùn tó ń fín ń pa agbọ́n ju ìdin lọ, nítorí awọ ewé bo ìdin, kò bo agbọ́n. Ohun tó ń mú "àrùn" náà pọ̀ sí i nìyẹn.

Lórí ilá, tòmátò àti kùkúńbà, irú ọ̀nà kan náà ni. Tẹ̀tẹ̀ ló fẹ́ tàn wá: ewé rẹ̀ ní ojú fèrèsé funfun káàkiri, ṣùgbọ́n nígbà tí a yí i padà, okùn bí ti aláǹtakùn wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ àfòpiná Spoladea recurvalis aláwọ̀ ewé sì wà lábẹ́ okùn náà. Ìta ló ti ń họ ewé, kò wọ inú rẹ̀. Bí a bá fi abẹ́rẹ́ gún fèrèsé náà, awọ kan ṣoṣo la ó bá. Ibi tí agbẹ́wé ti jẹ ní awọ méjì, òfìfo sì wà láàrin wọn bí àpò.

Ewé 20 la ká lórí irúgbìn kọ̀ọ̀kan, láti àárín igi. Tìsàlẹ̀ ti gbó, ọ̀nà rẹ̀ ti ṣófo. Tòkè pátápátá, ẹyin nìkan ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹsẹ̀ òkè Sóbì

Ewé ìgbẹ́ lónìí, iṣẹ́ sì le ju ti àná. Nínú ọgbà, ẹni tó gbìn ín mọ orúkọ ewé. Nínú igbó, bí a kò bá dá ewé mọ̀, ìlàjì ìdánimọ̀ eṣinṣin ti bọ́ nìyẹn. Nítorí náà, gbogbo ewé tó ní ọ̀nà la gé pẹ̀lú òdòdó tàbí èso rẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ sáàrin ìwé ìròyìn, a kọ nọ́ńbà ike sára rẹ̀. Ewé lásán tí kò ní òdòdó, kódà àwọn tó wà ní ilé ìkó-ewé-pamọ́ igbó ní Ìbàdàn kò ní fi inú dídùn gbà á lọ́wọ́ ẹni.

Imí-eṣú ló kún etí ọ̀nà, ewé mẹ́ta nínú mẹ́rin ló sì ní ìlà. Ewéko yìí ni ilé ìsinmi àwọn agbẹ́wé tí ń jẹ ohun gbogbo: bí wọ́n bá ti ro oko tán, orí imí-eṣú ni wọ́n máa ń sá lọ títí irúgbìn mìíràn á fi hù. Abẹ́rẹ́-olóko náà ní tirẹ̀. Lórí yúnyún, ọ̀nà kò lọ́ kiri, ó kóra jọ sí ojú kan bí àbàwọ́n epo. Má ṣe sọ pé irú eṣinṣin mìíràn ni lójú ẹsẹ̀. Ewé yúnyún ní irun, iṣan rẹ̀ sì le, ìdin kékeré kì í fẹ́ ré iṣan kọjá, nítorí náà ibi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ náà ló ń yí ká. Eṣinṣin kan náà lè ya ọ̀nà gbọọrọ lórí ewé rírọ̀, kó sì ya àbàwọ́n lórí ewé líle. Ìrísí ọ̀nà ń tọ́ka ni, kì í dájọ́.

Ewé làrà tó wà lẹ́yìn ògiri kan ní ọ̀nà tó gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Orí ewé fífẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ti rọrùn jù láti ka ọjọ́ orí ìdin. Ọ̀nà náà máa ń fẹ̀ lójijì ní ibi méjì, kì í fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tó ti fẹ̀ lójijì ni ìdin ti pa awọ dà. Ìgbà 3 ni ìgbésí ayé ìdin nínú ewé, nítorí náà ìfẹ̀ méjì. Bí a bá ti rí ìfẹ̀ kejì, ọjọ́ kan tàbí méjì ló kù kó jáde: ká a sínú ike. Bí ìfẹ̀ kan ṣoṣo bá wà, fi í sílẹ̀ lórí igi, so òwú pupa mọ́ ọn, padà wá. Ewé tí a bá ká ní kùtùkùtù báyìí máa ń rọ kí ìdin tó tó jáde, á sì kú pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹwọ̀n-adẹ̀lé (Lantana camara) tún yàtọ̀. Eṣinṣin méjì láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n tú sílẹ̀ ní South Africa láti fi bá ewéko náà jà: Ophiomyia camarae, tí ọ̀nà rẹ̀ ń tọ iṣan àárín tó sì ń ya ẹ̀ka sọ́tùn-ún sósì bí eegun ẹja, àti Calycomyza lantanae, tó ń ya àbàwọ́n fífẹ̀. A yẹ gbogbo igbó rẹ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà wò, a kò rí eegun ẹja kankan. A kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "A wá a, a kò rí i" wúlò fún ẹni tó bá máa wá a lẹ́yìn wa.

Ohun kan tó ń tan ojú lórí òkúta: ipa ìgbín kékeré tó gbẹ lójú ewé máa ń dán bí ọ̀nà agbẹ́wé gan-an. Fi itọ́ tútù sí ìka, nu ún. Bó bá nù kúrò, ìgbín ni.

Ọjọ́rú. Ìdọ̀fìàn

Oko ẹ̀wà, ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn gbígbìn. Ewé kò ní ọ̀nà tó lápẹẹrẹ, síbẹ̀ ohun ọ̀gbìn ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan: ewé méjì àkọ́kọ́ pọ́n, igi ìdí rẹ̀ wú, ó sì là. Ẹni tó ni oko ní ọ̀dá ni. Ọ̀dá kì í pa ẹ̀wà kan kó fi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tútù yọ̀yọ̀.

A fa márùn-ún tu. Ọ̀bẹ ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́, a bó awọ igi láti ibi tí ó ti kan ilẹ̀ sókè. Lábẹ́ awọ náà, kóró mẹ́ta tò léra, wọ́n rí bí hóró ìrẹsì kékeré tí wọ́n dín díẹ̀.

(Kóró la ó máa pe ìgbà tí ìdin ti sún kì, tí awọ rẹ̀ ti le, tó ń para dà sí eṣinṣin. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ pupa, èyí tó máa da Yorùbá láàmú lásán, nítorí kóró náà kì í fìgbà gbogbo pupa.)

Ọ̀dọ̀ eṣinṣin ẹ̀wà, Ophiomyia phaseoli, ni èyí ń tọ́ka sí. Òun náà jẹ́ ọmọ ìdílé agbẹ́wé, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ nínú ewé. Abo á yé ẹyin sínú ewé àkọ́kọ́, ìdin á ya ọ̀nà kúkúrú kan wọ inú iṣan, á gba ọrùn ewé bọ́ sínú igi, á sì rìn lábẹ́ awọ dé ìdí, níbi tó ti ń di kóró. Bí ìdin bá pọ̀ ní ìdí kan, oúnjẹ kò ní ráyè kọjá mọ́, ohun ọ̀gbìn á sì kú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń wo ewé nìkan kì í fi í rí i. Ẹ̀kán funfun tó wà nídìí ewé àkọ́kọ́, nítòsí ọrùn rẹ̀, ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tó máa fi sílẹ̀ lókè.

Àwọ̀ kóró ṣe pàtàkì níbí. Ti phaseoli máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀ tó mọ́ díẹ̀, ojú lè fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú rẹ̀. Ẹlòmíràn wà, Ophiomyia spencerella, tí kóró tirẹ̀ dúdú tó sì ń dán. Tiwa ní àwọ̀ ilẹ̀. A kọ phaseoli pẹ̀lú àmì ìbéèrè. Àmì ìbéèrè yẹn kò ní kúrò títí akọ á fi jáde.

Ìṣòro kan: igi tí a bó kì í ṣeé tọ́jú. Ó máa ń jẹrà láàrin ọjọ́ méjì, àwọn eṣinṣin mìíràn á sì wọ ike lọ yé ẹyin sínú jíjẹrà náà. Gé igi ní sẹ̀ǹtímítà 4, fi tíṣù gbígbẹ wé e, dé ike náà pẹ̀lú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ dípò ìdérí ike. Sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì tútù gbé kóró jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, gbé e sórí iyanrìn tí a ti yan tí a sì bù omi díẹ̀ sí. Ẹ̀mú á tẹ̀ ẹ́ fọ́.

Ọjọ́bọ̀. Ajásẹ́-Ìpó

Iṣẹ́ oko kò pọ̀. Ike ló gbà wá lọ́jọ́. Nígbà tí a ṣí ẹrù àná àti ìjẹta, ike 11 nínú 34 ló ti bu. Ẹ̀bi tiwa ni: a fi ewé sí i nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, a sì dé e pa. Ewé ṣì ń mí lẹ́yìn tí a ti ká a, omi inú rẹ̀ á ro sára ike, á ṣàn wálẹ̀, ìdin tó jáde á sì bọ́ sínú rẹ̀, á rì.

Báyìí la ṣe tún un ṣe. Fi tíṣù nu ojú ewé àti ẹ̀yìn rẹ̀ kó gbẹ. Gé ibi tí kò ní ọ̀nà kúrò, kí ewé tó ń jẹrà má baà pọ̀. Ká tíṣù sí ìlọ́po 3 sí ìsàlẹ̀ ike, tẹ́ ewé lé e, fi tíṣù mìíràn bo òkè. Pààrọ̀ tíṣù ní àárọ̀ àti ní alẹ́ ní ọjọ́ kìíní, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Bí tíṣù bá rin débi tí omi ń kán tí a bá fún un, ó ti pọ̀ jù. Bí ewé bá ń ró wẹ́wẹ́, ó ti gbẹ jù, kán omi 2 sí etí tíṣù, kì í ṣe sórí ewé. Kí ike wà nínú kúlà tí kò ní yìnyín. Inú ọkọ̀ tí a gbé sójú oòrùn ní Kwara á se ìdin jinná kí aago méjìlá tó lù.

Àárọ̀ kùtù ni ìdin máa ń jáde jù lọ. Ẹni tó bá ṣí ike lálẹ́ nìkan kò ní rí wọn, kóró ni yóò bá. Lónìí, aago mẹ́jọ, ìdin ẹ̀wà kan gé ojú ewé ní ìdajì òṣùpá, ó yọ ẹnu síta, ó yí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì já bọ́ sórí tíṣù. Láàrin wákàtí mélòó kan, ara rẹ̀ ti kì, àwọ̀ rẹ̀ ti ń lọ sí ti wúrà. Lóko, inú ilẹ̀ ni ì bá bọ́ sí.

Ọjọ́ Ẹtì. Òmù-Àrán

Ọjọ́ àwọn tí kì í ṣe eṣinṣin. A kọ wọ́n sílẹ̀ nítorí pé àwọn ni wọ́n máa ń mú káàkiri bíi pé agbẹ́wé eléṣinṣin ni wọ́n.

Tòmátò ẹ̀yìn ilé: àbàwọ́n fífẹ̀ tó dà bí ibi tí omi gbígbóná ta sí. Nígbà tí a na án sí oòrùn, ìgbẹ́ kójọ pọ̀ sí igun kan, kì í ṣe ìlà. A fi abẹ́rẹ́ ya awọ rẹ̀. Ọmọ inú rẹ̀ ní orí líle tó dúdú díẹ̀, ó ní ẹsẹ̀, ó sì sá. Tuta absoluta ni, àfòpiná tí orílẹ̀-èdè mọ̀ ní 2016 nígbà tó jẹ tòmátò Àríwá run, tí àwọn ènìyàn sì sọ ní "Ẹbólà tòmátò". Ó máa ń jáde nínú ewé kan lọ wọ òmíràn, ó tún ń wọ inú èso. Ìdin eṣinṣin tó wà lórí tòmátò kì í kúrò nínú ewé tí wọ́n yé e sí, kì í sì í wọ èso. Oògùn méjèèjì kò rí bákan náà, nítorí náà ẹni tó ṣi wọ́n mú ń ná owó sódò ni.

Ọsàn àti òroǹbó: ọ̀nà fàdákà tó lọ́ mọ́ra lórí ewé tuntun, ìlà ìgbẹ́ kan ṣoṣo tọ àárín rẹ̀ lọ bí ìlà àárín títì. Etí ewé ká, àfòpiná náà sì ń di kóró nínú ibi tó ká. Phyllocnistis citrella. Ó rọrùn.

Kajú: ewé pupa tuntun tó wú bí ibi tí iná jó. Àfòpiná náà ni, ti ìdílé Gracillariidae.

Ọ̀pẹ: ìlà gígùn àwọ̀ ilẹ̀ láàrin imọ̀, ọ̀pẹ kan tilẹ̀ ti gbẹ bíi pé iná ràn án. Coelaenomenodera ni, ọ̀bọ̀nbọ̀n kékeré kan tí ọmọ rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ìdun. Ó tó kọ ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èsìẹ́

Ọgbà tó yí ilé ọnà ká, níbi tí àwọn ère òkúta wà láti 1945. Lórí igi kan tí ewé rẹ̀ le tó sì ń dán, a rí ọ̀nà funfun tó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé bí ẹni fi èékánná fà á ló rí. Ojú wa kọ́kọ́ lọ sí àfòpiná ọsàn. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ kò sí ní àárín, kóró sì wà nínú ọ̀nà gan-an, lábẹ́ awọ ewé, iwo tíńtínní méjì sì yọ láti inú rẹ̀ jáde sí afẹ́fẹ́. Iwo yẹn ni ihò èémí rẹ̀. Tropicomyia ni, eṣinṣin agbẹ́wé tí kì í jẹ ẹran ewé, awọ òkè nìkan ló ń jẹ, tí kì í sì í já bọ́ sílẹ̀. Irú èyí, má bó kóró rẹ̀ jáde. Gé ewé yí i ká ní sẹ̀ǹtímítà 2, tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, jẹ́ kó gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ewé líle kì í tètè jẹrà, ó rọrùn láti tọ́ ju ti ẹ̀wà lọ.

Agogo méjì ọ̀sán, a padà sí Ìlọrin.

Ìlọrin, ọjọ́ kẹsàn-án sí ìkẹrìnlélógún

Eṣinṣin àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ kẹrìnlá, láti inú kóró ẹ̀wà Asà. Nínú ooru wa, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni kóró máa ń gbà. Má pa eṣinṣin lójú ẹsẹ̀. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ara rẹ̀ rọ̀, gbogbo rẹ̀ funfun rúsúrúsú, àwọ̀ tí a ó fi dá a mọ̀ kò tíì yọ. Fi tíṣù tí a ti bọ inú omi oyin sí ike, dúró di ọjọ́ kejì. Akọ àti abo méjì lọ sínú ẹ́tánọ́ọ̀lù 96% bí ẹnìkan bá fẹ́ yẹ àbùdá wọn wò. Ìyókù, a gbẹ wọn, a fi góòmù lẹ̀ wọ́n mọ́ ṣóńṣó káàdì.

Kí a kọ́kọ́ dájú pé agbẹ́wé ni. Ike méjì láti Ìdọ̀fìàn bí eṣinṣin abuké tó ń sáré gìrìgìrì dípò kó fò: ìdílé Phoridae, ọmọ jíjẹrà. Òmíràn bí olójú pupa, Drosophila. Agbẹ́wé kéré, ìyẹ́ rẹ̀ kì í kọjá 1.3 sí 2.3 mm nínú àwọn tí ń jẹ oko, irun líle wà lẹ́bàá ẹnu rẹ̀, irun méjì tó wà lẹ́yìn orí rẹ̀ kọ ẹ̀yìn síra wọn, abo rẹ̀ sì ní páìpù dúdú dídán ní ìdí tí kì í lè fà wọlé.

Lẹ́yìn èyí, wo ẹ̀yìn rẹ̀ láàrin ìdí ìyẹ́ méjèèjì. Bí ibẹ̀ bá dúdú, Ophiomyia, Tropicomyia tàbí àwọn ìbátan wọn ni. Bí ó bá ní àbàwọ́n yẹ́lò bí ẹ̀kán ẹyin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé Liriomyza ni. Àwọn mẹ́ta ló yẹ kí a mọ̀ yà sọ́tọ̀, gbogbo wọn láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. L. trifolii, tó bá igi òdòdó chrysanthemum dé Kenya ní 1976: ìyókù ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú ṣùgbọ́n kò dán, bí èédú tí eérú bò, irun méjèèjì tó wà ní òkè orí rẹ̀ hù láti ibi yẹ́lò. L. sativae: ìyókù ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó dán bí bàtà tí wọ́n kùn, irun ti ìta hù láti ibi dúdú. L. huidobrensis dúdú jù wọ́n lọ, itan rẹ̀ ní ìlà dúdú, ọ̀nà rẹ̀ máa ń rọ̀ mọ́ iṣan àárín ewé, ó sì fẹ́ràn ibi tútù. Bí wọ́n bá ní àwọn rí i ní àkùrọ̀ Ìlọrin, ẹ tún un wò dáadáa. Ìdin náà ń jẹ́rìí: ihò èémí ẹ̀yìn ìdin huidobrensis ní ẹnu 6 sí 9 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti àwọn méjì tó kù ní 3. Fún èyí, tọ́jú awọ kóró lẹ́yìn tí eṣinṣin ti jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbá a dànù.

Ti ẹ̀wà Asà dán. Irun ìta lórí dúdú. Ó ń lọ sọ́nà sativae, ṣùgbọ́n dídán lásán kò tó, nítorí eṣinṣin tí epo ara rẹ̀ yọ síta lẹ́yìn gbígbẹ máa ń dán bákan náà. Ọ̀rọ̀ dọ́wọ́ akọ. Gé ìdí akọ, gbé e sínú omi KOH (kẹ́míkà líle tó ń jẹ ẹran ara kúrò) 10% mọ́jú láìgbé e kaná, fọ̀ ọ́ nínú omi, lẹ́yìn náà nínú ẹ́tánọ́ọ̀lù, fi sínú ẹ̀kán gílísárìn lórí gíláàsì, wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù ìlọ́po 100 sí 400. Ìrísí ìpẹ̀kun ẹ̀yà akọ rẹ̀ ló yanjú ọ̀rọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n se é kíákíá: KOH tó hó máa ń jẹ ibi tó rọ̀ tí a fẹ́ wò gan-an. Akọ márùn-ún, gbogbo wọn sativae.

Eṣinṣin ẹ̀wà Ìdọ̀fìàn: dúdú pátápátá, ó ń dán, akọ méjì, phaseoli. A nu àmì ìbéèrè kúrò.

Agbọ́n ló pọ̀ ju eṣinṣin lọ láti ebè tí wọn kò fín sí. Oríṣi méjì. Àkọ́kọ́ dán bí àwọ̀ ewé onírin, láti inú ewé fúnra rẹ̀ ló ti jáde: Diglyphus. Nígbà tí a ya ọ̀nà ewé náà, a rí ìgbẹ́ ọmọ agbọ́n tó gbé dúró bí òpó kéékèèké láàrin awọ méjèèjì, kí òrùlé má baà wó lé e lórí bó ṣe ń sùn lẹ́bàá òkú ìdin. Èkejì dúdú-pupa, ìwo rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ: Opius. Inú kóró ló ti ń jáde, lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti rò pé eṣinṣin ni yóò bí. Àwọn méjèèjì rọrùn láti mọ̀ yà lára kóró òfìfo: eṣinṣin máa ń ṣí orí kóró bí ìdérí ìkòkò, agbọ́n máa ń fi eyín lu ihò wẹ́rẹwẹ̀rẹ sí i. Agbọ́n pẹ́ ju eṣinṣin lọ, nítorí náà má da kóró nù kó tó pé ọ̀sẹ̀ 4.

Ti Èsìẹ́: kóró 4, eṣinṣin 1, dúdú, abo. Ike yúnyún láti Sóbì: abo méjì, àbàwọ́n yẹ́lò lẹ́yìn, kò sí akọ. A kọ ọ́ sí ìwé inú ìgò bẹ́ẹ̀: "Liriomyza, abo 2, yúnyún, ẹsẹ̀ òkè Sóbì, kò sí akọ." Òwú pupa ṣì wà lára igi náà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago méje, kí oòrùn tó mú, ewé 40 dípò 20.